Bátìrì inú kátíríìjì Pokémon Gold ti ń kú lọ: báwo ni mo ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ kí séèfù má lọ?

Kátíríìjì_Àtijọ́:

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kátíríìjì Pokémon Gold ti Game Boy kan ló wà níwájú mi, ojúlówó ni, irú èyí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Séèfù inú rẹ̀ (eré tí mo ti tọ́jú sínú rẹ̀) ṣì ń ṣí: báàjì 16 ti pé, wákàtí eré sì ti lé ní 180. Àmọ́ aago inú rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, ó ń sọ pé òru ni nígbà tí oòrùn wà lókè. Mo ṣí i, mo fi mítà wọn bátìrì rẹ̀ nígbà tí kò sí nínú ẹ̀rọ: 2.68 V. CR2025 ni wọ́n kọ sí i lára, ó ní ahọ́n irin méjì tí wọ́n fi léèdì jó mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ṣé mo lè yọ bátìrì yìí kí n sì fi òmíràn sí i kíákíá, kí séèfù tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀? Ẹnìkan ní kí n kàn fi téèpù di tuntun mọ́ àwọn ahọ́n àtijọ́. Ẹlòmíràn ní CR2032 ló dára jù torí pé ó máa ń pẹ́. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ léèdì wà nílé, mo mọ̀ ọ́n lò díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rọ tó ń ka kátíríìjì. Mo tún ní Pokémon Ruby kan (ti Game Boy Advance) tó ń sọ pé bátìrì òun ti tán. Ṣé séèfù tìyẹn náà máa lọ ni?

Mítà_Lọ́wọ́:

Ẹ dákun, ẹ má tíì ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Ní 2.68 V, séèfù yín ṣì wà láàyè, àmọ́ ọjọ́ rẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Bí bátìrì líthíọ́mù ṣe ń ṣe nìyẹn: tuntun á kà 3.0 sí 3.3 V, á dúró ní nǹkan bí 2.9 tàbí 3.0 fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni pé kò sóhun tó ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò já wálẹ̀ bí ẹni tó yọ̀ ṣubú. Ẹ má rí 2.68 kẹ́ ẹ rò pé díẹ̀ péré ló ti lọ nínú 3.0. Etí ibi tó ti ń já ló dé yẹn.

Bátìrì kọ́ ló ń tọ́jú séèfù. Inú ṣíìpù kan tí wọ́n ń pè ní SRAM ni séèfù wà, 32 KB ló gbà, ìyẹn 32,768 bytes. SRAM kì í rántí ohunkóhun tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí Game Boy bá wà ní títàn, Game Boy fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní 5 V. Tí ẹ bá pa á, ṣíìpù kékeré mìíràn (lára bọ́ọ̀dù, orúkọ bíi MM1134 tàbí BA6735 lẹ máa rí) á ti ìlẹ̀kùn SRAM kí ẹnikẹ́ni má kọ ìkọkúkọ sínú rẹ̀ bí iná ṣe ń lọ sílẹ̀, á wá yí i sórí bátìrì. Nítorí náà, eré kọ́ ló ń pa bátìrì. Inú dúrọ́ọ̀ ló ti ń kú. Kò sì sí ohun tó ń fún un níná padà. Àwọn tó ní "ẹ máa fi ṣeré déédéé kí bátìrì lè gba iná" ń fi àkókò yín ṣòfò ni.

Ẹ wò ó bí ìṣirò. CR2025 ní nǹkan bí 160 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbé). Tí ohun tó so mọ́ ọn bá ń jẹ máíkíróáńpù kan péré (1/1000 mA), wákàtí 160,000 ló máa gbé, ìyẹn ọdún 18. Tó bá ń jẹ méjì, ó di ọdún mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí Gold, Silver àti Crystal fi máa ń kú ṣáájú Red, Blue àti Yellow tó dàgbà jù wọ́n lọ: aago wà nínú àwọn ti ẹ̀yìn yìí, pẹ̀lú kírísítà 32.768 kHz tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru, bátìrì kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ aago àti SRAM. Ooru náà wà níbẹ̀. Kátíríìjì tó ń gbé inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa máa ń tètè tán.

Àwọn tó ń ṣe SRAM sábà máa ń ṣèlérí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ní sọnù títí dé 2.0 V. Ẹ má gbára lé ìyẹn. Kí iná tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì dé ọ̀dọ̀ SRAM, àwọn ẹ̀yà tó wà láàrin wọn á ti gba tiwọn nínú rẹ̀. Bí èmi ṣe máa ń kà á nìyí: 2.9 sókè, ẹ fi í sílẹ̀, 2.8 wálẹ̀, ẹ lọ wá bátìrì, 2.5 wálẹ̀, òní ni, kì í ṣe ọ̀la.

Nípa kíkánjú pààrọ̀ rẹ̀: ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Kapásítọ̀ ara bọ́ọ̀dù lè mú SRAM dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àwọn kan sì ti tibẹ̀ yè é, àmọ́ oríire lásán ni. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà.

Ohun kan tún kù kí n tó dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ yí mítà sí DC 20 V, kẹ́ ẹ sì yẹ ihò tí wáyà pupa wà wò. Tó bá jẹ́ ihò áńpù ló wà, mítà náà ti di wáyà lásán. Á so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀, séèfù ti lọ nìyẹn, kódà bí bátìrì bá tuntun.

Ẹ̀dà_Méjì:

Òótọ́ ni Mítà_Lọ́wọ́ sọ. Ẹ rà tàbí ẹ yá ẹ̀rọ tó ń ka kátíríìjì. GBxCart RW àti Joey Jr ń bá sọ́fítíwíà FlashGBX ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni FlashGBX, ó wà fún Windows, macOS àti Linux. GB Operator náà dára, sọ́fítíwíà tirẹ̀ ló ń lò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kátíríìjì mẹ́ta sókè, kó ra ọ̀kan; owó rẹ̀ ò tó ohun tó ń gbà là.

Ẹ kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀ wúrà kátíríìjì. Ẹ fi IPA (ọtí isopropyl, 90% sókè) rẹ igi olówùú tí wọ́n fi ń ro etí, kẹ́ ẹ fi nù ún láti òkè sísàlẹ̀ títí òwú kò fi ní dúdú mọ́. Ẹ má ṣe fi sáńpéépà há a, wúrà ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lẹ́yìn náà, fóltéèjì. Kátíríìjì Game Boy àti Game Boy Color ń jẹ 5 V, ti Game Boy Advance ń jẹ 3.3 V. Àwọn ẹ̀rọ kan ní súwíìṣì tẹ́ ẹ máa fọwọ́ yí, àwọn mìíràn ń ṣe é fúnra wọn. Gold lórí 3.3 V lè ka pàǹtírí fún yín. Ruby lórí 5 V lè jóná. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó ki kátíríìjì bọ̀ ọ́.

Nínú FlashGBX, "Backup Save Data" lẹ máa tẹ̀. Bọ́tìnnì "Restore Save Data" wà nítòsí rẹ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ń ṣe: ó ń kọ ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà sínú kátíríìjì, á sì pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ máa rọra tẹ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ti ka séèfù tán, ẹ yọ kátíríìjì, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ẹ fi fáìlì méjèèjì wéra pẹ̀lú SHA-1 (nọ́ńbà àyẹ̀wò tó máa ń yàtọ̀ tí fáìlì bá yàtọ̀). (Aago ń rìn, nítorí náà tí fáìlì yín bá ní ti aago ní ìdí rẹ̀, bytes 32,768 àkọ́kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi wéra.) Tí wọn ò bá dọ́gba, ẹsẹ̀ wúrà ṣì dọ̀tí, ẹ tún un nù. Tí fáìlì bá kún fún FF tàbí 00 látòkè délẹ̀, ẹ̀rọ ò rí SRAM rárá, ẹ má pè é ní ẹ̀dà.

Kí ọkàn yín tó balẹ̀, ẹ ka ROM kátíríìjì náà (géèmù fúnra rẹ̀) pẹ̀lú, ẹ gbé ROM àti .sav (fáìlì séèfù) sínú fódà kan náà pẹ̀lú orúkọ kan náà, kẹ́ ẹ ṣí i nínú mGBA, sọ́fítíwíà tó ń ṣe bí Game Boy lórí kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ yín, báàjì 16 àti àwọn Pokémon inú Box (àpótí tí géèmù ń kó wọn sí), ẹ̀dà yín pé. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ìkejì ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. 32 KB ni, fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù tóbi jù ú lọ dáadáa.

Fún àwọn tó wà níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀: ẹ lo láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún. Tí iná bá lọ nígbà tẹ́ ẹ ń kà, kò ṣe nǹkan kan, ẹ tún un kà. Tó bá lọ nígbà tẹ́ ẹ ń kọ padà, ààbọ̀ séèfù ló máa wà nínú kátíríìjì.

Kátíríìjì_Àtijọ́:

Ẹ ṣeun gan-an. Ká ní n kò tètè rí ẹ̀rọ yìí rà ńkọ́? Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn rárá?

Ẹ̀dà_Méjì:

Méjì ló wà, kò sì sí èyí tó pé nínú wọn.

Àkọ́kọ́, ẹ gba àwọn Pokémon là, kẹ́ ẹ fi ìtàn inú géèmù sílẹ̀. Pẹ̀lú okùn ìsopọ̀ àti Game Boy méjì, ẹ lè fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ sínú Silver tàbí Crystal tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára. Tẹ́ ẹ bá ní Nintendo 64, Transfer Pak (ohun tó ń so kátíríìjì Game Boy mọ́ Nintendo 64) àti Pokémon Stadium 2, ẹ lè kó wọn sínú Box inú Stadium 2. Flash ni kátíríìjì yẹn fi ń tọ́jú nǹkan, kò sí bátìrì tó ń kú níbẹ̀. Ẹ rántí pé Stadium àkọ́kọ́ ò mọ Gold àti Silver, Red, Blue àti Yellow nìkan ló mọ̀.

Ìkejì ni kẹ́ ẹ so iná mìíràn mọ́ bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó yọ bátìrì àtijọ́: bátìrì AA méjì lórí ìlà, tó jẹ́ nǹkan bí 3 V, wáyà + sí ọ̀nà bàbà tó ti ẹnu + bátìrì wá, wáyà − sí ilẹ̀ bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà lẹ máa jó èyí àtijọ́ kúrò, ẹ jó tuntun sí i, kẹ́ ẹ tó yọ AA. Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní wáyà ilẹ̀ máa ń jò iná díẹ̀ ní ẹnu, èyí sì tó láti yí ohun tó wà nínú SRAM. Àwọn tó ń ṣe é máa ń yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fi kan bọ́ọ̀dù, ooru tó kù lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń jó o. Fún séèfù wákàtí 180, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Ẹ dúró de ẹ̀rọ. Bátìrì 2.68 V ò ní kú lónìí.

Ajórin:

Ó kan iṣẹ́ ọwọ́ báyìí.

Ẹ ra CR2025 tó ti ní ahọ́n lára láti ilé iṣẹ́. Ní Computer Village tàbí Alábà, CR2032 àti CR2025 pọ̀ bí ẹ̀pà, wọ́n ń lò wọ́n nínú kọ̀ǹpútà àti rìmóòtù ọkọ̀. Èyí tó ní ahọ́n ló ṣọ̀wọ́n, ó lè jẹ́ pé ẹ máa ránṣẹ́ sí i ni. Ẹ ní sùúrù fún un. Tẹ́ ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù jó léèdì tààrà mọ́ ojú bátìrì, ooru á ba ohun tó wà láàrin rẹ̀ jẹ́. Ó lè wú, ó lè bẹ́. Tí kò bá bẹ́, ọdún méjì ni yóò lò dípò mẹ́wàá. Ẹ̀rọ iná pàtàkì ni wọ́n fi ń lẹ ahọ́n mọ́ bátìrì ní ilé iṣẹ́, kì í ṣe léèdì.

Téèpù tí wọ́n sọ yẹn, irọ́ ni o. Á ṣiṣẹ́ lónìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta gọ́ọ̀mù rẹ̀ á rọ̀, ẹ gbé kátíríìjì jabọ́ lẹ́ẹ̀kan, irin á fi irin sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, séèfù ti lọ. Tí ahọ́n àtijọ́ bá sì yí díẹ̀ tó kan ẹnu kejì, bátìrì tuntun á tán ní wákàtí mélòó kan.

Ní ti CR2032: nọ́ńbà yẹn ń sọ ìwọ̀n rẹ̀. CR2025 fẹ̀ ní 20 mm, ó nípọn ní 2.5 mm. CR2032 fẹ̀ bákan náà, ó nípọn ní 3.2 mm, ó sì ní nǹkan bí 220 mAh. Fóltéèjì wọn dọ́gba, kò ní ba nǹkan jẹ́. Ohun tó ń dá a dúró ni àpótí Game Boy: 0.7 mm tó lé yẹn lè mú kí ẹ̀yìn kátíríìjì wú, kó sì máa ti bátìrì mọ́ bọ́ọ̀dù. Àwọn kan ti fi sí i tó wọlé. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi CR2025 sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì tà yín ní LIR2032: ìyẹn ni irú tó ń gba iná, ó máa ń dé 4.2 V tó bá kún, bọ́ọ̀dù yín ò sì ní ohun tó máa fún un níná tó bá tán.

Àwọn irinṣẹ́ míì: léèdì 60/40 tín-ínrín (0.8 mm tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀), flux (ohun tó ń jẹ́ kí léèdì ṣàn kó sì dì mọ́ irin), òwú bàbà tó ń fa léèdì, ẹ̀mú kékeré, IPA àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́. Áyọ́ọ̀nù ní 330 sí 350 °C, ẹnu rẹ̀ kó jẹ́ pẹlẹbẹ, kì í ṣe ṣóṣóró bí abẹ́rẹ́. Ṣóṣóró ò gbé ooru tó, ẹ máa wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù títí bàbà á fi ṣí.

Ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ + sí, kẹ́ ẹ sì wo ahọ́n wo ló ti ojú + bátìrì wá. Ojú tó ní ìkọ̀wé ni +. Ẹ fi flux díẹ̀ àti léèdì tuntun sórí léèdì àtijọ́ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí léèdì tó ti dàgbà kì í fẹ́ yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu +. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ń dán bí omi, ẹ fi ẹ̀mú gbé ahọ́n sókè jẹ́jẹ́. Tí kò bá gbéra, kò tíì yọ́. Ẹ má fà á! Bàbà abẹ́ rẹ̀ ló máa bá a wá, iṣẹ́ náà á sì di títẹ̀lé wáyà kiri. Ẹnu − máa ń le jù, torí ó so mọ́ pápá bàbà ńlá tó ń fa ooru lọ; ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀dù tutù kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi òwú bàbà fa léèdì tó ṣẹ́kù kí ojú méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi IPA àti búrọ́ọ̀ṣì fọ flux kúrò. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí iyẹ̀ funfun níbi bátìrì àtijọ́, ó ti jò nìyẹn. Ẹ fọ ọ́ títí bàbà á fi mọ́, kẹ́ ẹ sì fi mítà wò ó bóyá ọ̀nà bàbà ibẹ̀ ò já.

Ẹ jó ẹnu − ti tuntun kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹnu +. Ahọ́n kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ jẹ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Léèdì tó dára máa ń dán, ó sì máa ń rọ̀ mọ́ ahọ́n ní ẹ̀gbẹ́. Tó bá rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tó jókòó lásán tàbí tó ṣú bí eérú, kò dì mọ́ nǹkan kan, ẹ tún un ṣe. Kẹ́ ẹ tó dé ọmọrí, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lórí bọ́ọ̀dù, kì í ṣe lórí bátìrì: 3.0 sókè. Tó bá kà 3.2 lórí bátìrì tó wá kà òdo lórí bọ́ọ̀dù, ahọ́n ni kò dì.

Ọ̀pọ́n_Ayò:

Ti Ruby rọrùn. Ẹ fọkàn balẹ̀, séèfù rẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ruby, Sapphire àti Emerald ń fi Flash tọ́jú séèfù, Flash kì í bèèrè iná láti rántí. Aago nìkan ni bátìrì CR1616 inú wọn ń bọ́. Tó bá ti kú, géèmù á sọ fún yín pé bátìrì ti tán, pé ẹ lè máa bá eré lọ, pé àwọn ohun tó ń tẹ̀ lé aago nìkan ni kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́: èso ò ní hù, omi inú ihò Shoal Cave ò sì ní lọ sókè-sódò. FireRed àti LeafGreen ò ní aago rárá, nítorí náà wọn ò ní bátìrì.

Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ CR1616 yẹn, ẹ mọ ohun tó ń bọ̀. Aago tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, àmọ́ géèmù ṣì rántí ọjọ́ tó ti kọ sínú séèfù. Títí aago á fi bá ọjọ́ yẹn, tó sì kọjá rẹ̀, èso kò ní hù. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé iṣẹ́ àwọn ò dára, wọ́n á tún un jó lẹ́ẹ̀mẹta. Síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta (tri-wing), kì í ṣe irú síkúrù 3.8 mm (gamebit) tó wà lẹ́yìn Gold.

Ní ti Gold, tẹ́ ẹ bá ti dá séèfù padà, ó ṣeé ṣe kó sọ fún yín pé aago lè má tọ̀nà mọ́. Ní ojú ìwé àkọlé, ẹ tẹ ìsàlẹ̀, SELECT àti B pọ̀. Yóò bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tó jẹ́ nọ́ńbà. Inú orúkọ yín, nọ́ńbà ID àti owó tó wà lápò yín ni nọ́ńbà yẹn ti ń jáde, nítorí náà ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú géèmù kẹ́ ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́nà tó péye. Ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá ná owó kan ṣoṣo lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ti yí padà. Ti Crystal yàtọ̀ díẹ̀ ní títẹ̀, ẹ má fi ti Gold ṣe é.

Fún àwọn tó ń ka èyí pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn: kò sí òfin kan fún gbogbo kátíríìjì. Lórí Nintendo 64, Ocarina of Time ní bátìrì, Super Mario 64 ò ní (EEPROM ni, òun náà kì í bèèrè iná láti rántí), Majora's Mask ò ní (Flash ni). Sonic 3 ti Mega Drive, ọdún 1994, FRAM ló ń lò, ṣíìpù mìíràn tí kì í bèèrè iná láti rántí. Ọ̀pọ̀ kátíríìjì SNES tó ń tọ́jú eré ló ní CR2032, àyè sì wà nínú àpótí wọn dé ibi pé ẹ lè fi ilé bátìrì sí i, kẹ́ ẹ má jó nǹkan kan mọ́ láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè ní láti gé ike inú rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní The Legend of Zelda ti NES, kó máa tẹ RESET mọ́lẹ̀ bó ṣe ń pa ẹ̀rọ. Nígbà tí iná bá ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ náà lè kọ ìkọkúkọ sínú SRAM. Bátìrì tuntun ò ní gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni Game Boy Camera. Fọ́tò 30 ló wà nínú SRAM 128 KB rẹ̀, ojú ènìyàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ti nǹkan bí ọdún 1998 sí ìsinsìnyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ò mọ̀ pé bátìrì wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ra ẹ̀rọ tó ń kà, ẹ fi ka ìyẹn kọ́kọ́.

Kátíríìjì_Àtijọ́:

Mo ti rí GBxCart RW yá. Mo ka séèfù lẹ́ẹ̀mejì, apá àkọ́kọ́ dọ́gba. Àmọ́ fáìlì jẹ́ 32,816 bytes, kì í ṣe 32,768. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Mo tún gbọ́ pé ènìyàn lè fi FRAM rọ́pò SRAM kó bọ́ lọ́wọ́ bátìrì títí ayé. Ṣé kí n ṣe ìyẹn dípò?

Ẹ̀dà_Méjì:

Kò bàjẹ́. Bytes 48 tó lé yẹn, aago ni. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn máa ń fi 44 sí i. Ẹ má gé e kúrò.

Mítà_Lọ́wọ́:

FRAM fún Gold? Rárá o. Ṣíìpù bíi FM18W08 gba 32 KB, ó ń ṣiṣẹ́ ní 5 V, kò sì nílò iná láti rántí. Ṣùgbọ́n aago Gold ṣì máa bèèrè bátìrì, nítorí náà ẹ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Red tàbí Blue tí kò ní aago ló bá mu. Níbẹ̀ náà, kì í ṣe yọ èyí fi èyí sí i: FRAM ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ CE rẹ̀ (èyí tó ń jí ṣíìpù) máa lọ sókè-sódò fún kíkà kọ̀ọ̀kan, àwọn bọ́ọ̀dù kan sì máa ń mú un dúró lójú kan. Ẹ máa gé ọ̀nà bàbà, ẹ máa fa wáyà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ fi Gold wákàtí 180 kọ́ ọ.

Ajórin:

Tẹ́ ẹ bá ti jó tuntun tán, ẹ má tíì dá séèfù padà. Ìdọ̀tí ló máa wà nínú SRAM, géèmù lè sọ pé fáìlì ti bàjẹ́ tàbí kó má fi CONTINUE hàn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, ẹ séèfù nínú yàrá àkọ́kọ́, ẹ pa á, ẹ yọ kátíríìjì, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó. Tí CONTINUE bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ "Restore Save Data".

Ẹ fi téèpù bo ojú méjèèjì bátìrì àtijọ́ kẹ́ ẹ tó jù ú nù, kẹ́ ẹ má sì fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé: tí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí méjì, kódà bátìrì tó ti "kú". Tó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ní kíákíá.

Kẹ́ ẹ tó dé ọmọrí kátíríìjì, ẹ fi bíró kọ oṣù àti ọdún sórí bébà pélébé kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí, níbi tí kò ti ní kan bọ́ọ̀dù. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.